Àìsàn Méjì Nínú Ara Kan: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alábòójútó Ìlera ní Àríwá Èkìtì

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Sí àwọn alákòóso ilé ìwòsàn ní Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà ní àríwá Èkìtì. Àti sí gbogbo ilé tí irú aláìsàn yìí wà.

Àìsàn àṣetúnṣe, tí àwọn dókítà ń pè ní OCD, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú èrò kan tó já wọ ọkàn ènìyàn láìgbàṣẹ, tó sì kọ̀ láti lọ. Èrò náà lè jẹ́ pé ọwọ́ kò mọ́, pé ilẹ̀kùn kò tì dáadáa, pé ẹnu ti sọ ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, tàbí pé ọwọ́ fẹ́ gbé ọ̀bẹ gún ọmọ inú ilé. Ẹni tó ń rò ó kò fẹ́ rò ó. Ó kórìíra rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ẹ̀rù náà lè rọlẹ̀, á fọ ọwọ́, á padà lọ di ilẹ̀kùn mú, á tún àdúrà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, á kó gbogbo ọ̀bẹ pamọ́ sókè àjà. Ara á tù ú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù yóò tún dé. Ẹni tó bá mọ ohun tí ètùtù jẹ́ yóò tètè lóye rẹ̀: ètùtù ni aláìsàn ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹbọra tó ń gbà á kì í yó. Bí irú nǹkan báyìí bá ń jẹ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí àárín ẹni àti ará ilé sì ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tàbí ti ìfarabalẹ̀ mọ́. Àìsàn ni.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní tirẹ̀ máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn á ṣókùnkùn, ohun tó ń dùn mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́, oorun á dá tàbí kó pọ̀ jù, oúnjẹ kò ní lọ, ẹni náà á máa ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò wúlò, àwọn mìíràn á sì máa rò ó pé ikú yá jẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbànújẹ́ kọ́ ni aláìsàn sábà máa ń kọ́kọ́ sọ níwájú nọ́ọ̀sì. Ohun tó máa ń sọ ni pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn òun lára, pé àyà òun ń já. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú wọn kò sì gba ìwé mọ́. Ní 1963, ìwé tí Alexander Leighton àti Adéoyè Lambo, àwọn dókítà ọpọlọ, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ lórí àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì wà ní àwọn abúlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará abúlé kò ní orúkọ kan pàtó tí wọ́n ń pè é. Àìlórúkọ yẹn ṣì ń ṣe ìpalára títí dòní, nítorí ohun tí kò lórúkọ kì í wọ inú fáìlì aláìsàn.

Àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn rìn. Nínú àwọn tí àìsàn àṣetúnṣe ń ṣe, ó ju ìdajì lọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yóò mú nígbà kan tàbí òmíràn láyé wọn. Àṣetúnṣe ló sábà máa ń ṣíwájú. Ìgbà èwe ló máa ń bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 25, ìrẹ̀wẹ̀sì á sì dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí aláìsàn ti ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà ní ìkọ̀kọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó rí. Kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba yàrá ní ìlú Ìkọ̀lé, tó ń kàwé ní ọgbà yunifásítì tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ ló pọ̀. Aago méje àárọ̀ ló ti ilẹ̀kùn. Ó dé ìdí ọ̀kadà, ọkàn rẹ̀ ní ilẹ̀kùn kò tì, ó padà, ó fi ọwọ́ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún dé ìdí ọ̀kadà, ó tún padà, ó tún fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́ ẹnì kan kí i láàárín méjì sí mẹ́ta, ìyẹn sì ti ba kíkà náà jẹ́. Ọlọ́kadà ti lọ. Ìgbà tó fi máa dé kíláàsì, olùkọ́ ti ń kó ìwé rẹ̀ jáde. Ní ọdún kejì, kò lọ mọ́. Ó ń sùn títí ọ̀sán, kò wẹ̀, kò gbé fóònù. Ìyá rẹ̀ dé láti Ìpaò, ó ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú, olùtọ́jú rí ìrẹ̀wẹ̀sì, ó kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fún un. Oorun rẹ̀ sàn díẹ̀, oúnjẹ ń lọ, ó padà sí kíláàsì, láàárín oṣù méjì gbogbo rẹ̀ tún wó lulẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó béèrè nípa ilẹ̀kùn.

Ohun tí lẹ́tà yìí wà fún nìyẹn. Àìsàn méjì tó wà nínú ara kan kò ṣeé tọ́jú bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé dókítà kan ń tọ́jú èyí níhìn-ín, tí ẹlòmíràn ń tọ́jú ìyẹn lọ́hùn-ún, tí ẹnì kìíní kò mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe.

Ó kọ́kọ́ yẹ kí a mọ èrò kan yàtọ̀ sí èkejì. Èrò ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń wẹ̀yìn: ohun tó bàjẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti ṣẹ̀, àǹfààní tó lọ. Aláìsàn gbà á gbọ́, ó ń jókòó tì í. Èrò àṣetúnṣe máa ń wo iwájú: ohun búburú tó lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá tètè ṣe nǹkan kan. Aláìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi í sílẹ̀. Ìyàtọ̀ mìíràn wà tó léwu jù bí a bá ṣì í mú. Ìyá ọmọ tó ń bẹ̀rù pé òun lè gún ọmọ, tí ẹ̀rù náà sì mú un sá fún ọ̀bẹ, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe apànìyàn. Irú wọn kì í sábà ṣe ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó gbọ́ ohùn tó ní kí ó ṣe é, tàbí tó rò pé ikú yóò sàn fún ọmọ náà ju ayé yìí lọ, ọ̀ràn pàjáwìrì ni tirẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó dé ilé ìwòsàn ńlá. Òṣìṣẹ́ ìlera tí kò lè fi ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún ya àwọn ìyá wọ̀nyí sọ́tọ̀ lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó yẹ kí a dúró tì.

Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn kọ́ ni irú àìsàn báyìí máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn Mùsùlùmí mọ wáswáàsì, èyí tí í mú ènìyàn ṣe alùwàlá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó kí ìrun kan, àwọn ààfáà sì ti ń fún ènìyàn nímọ̀ràn lórí rẹ̀ tipẹ́. Àní, Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ tó kú ní 934, ti kọ̀wé nípa èrò tó ń já wọ ọkàn láìdáwọ́ dúró, ó sì yà á sọ́tọ̀ sí ìbànújẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Kristẹni, ilé àdúrà ni wọ́n máa ń gbé aláìsàn lọ. Àdúrà kò ba ìtọ́jú jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí aláìsàn tí èrò ọ̀rọ̀ òdì ń dà láàmú máa wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lọ́dọ̀ pásítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí pásítọ̀ sì máa dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Pásítọ̀ rò pé òun ń tù ú nínú. Láìmọ̀, ó ti di apá kan ètùtù náà. Bákan náà ni ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́: ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò tún gba ìyókù.

Lambo ti fi ọ̀nà mìíràn hàn láti 1954, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Árò. Aláìsàn ń gbé inú abúlé lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀, ìbátan rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá ní iṣẹ́ tiwọn. Kò sí ìdí tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò fi ní wúlò láàárín Ìkọ̀lé àti Ìdó lónìí.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwọn méjèèjì. Fún àṣetúnṣe, ìwọ̀n tí Wayne Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989, tí à ń pè ní Yale-Brown, ní ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì rẹ̀ sì ń lọ láti 0 dé 40. Láti 16 sókè, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ìwọ̀n tí à ń pè ní PHQ-9 ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, máàkì 0 sí 27. Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006 pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, máàkì 10 sì ni ibi tó yẹ kí a ti máa fura. Ìbéèrè kẹsàn-án ló ń béèrè bóyá èrò ikú wà. A kì í fo ìbéèrè yìí nítorí ìtìjú. Bíbéèrè rẹ̀ kò gbin èrò náà sọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn wíwọ̀n ni ọ̀rọ̀ ti kan èwo ni a ó kọ́kọ́ dojú kọ. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá jẹ́ díẹ̀ tàbí ìwọ̀ntunwọ̀nsì, tó sì hàn pé àṣetúnṣe ló bí i, àṣetúnṣe ni kí a gbájú mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń tì lẹ́ẹ̀kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dé kíláàsì lásìkò, ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá le, tí aláìsàn kò lè dìde lórí ibùsùn, tàbí tí èrò ikú wà, ìrẹ̀wẹ̀sì ni a ó kọ́kọ́ fà sókè, pẹ̀lú oògùn àti ìtọ́jú tó bá a mu, kí a tó ní kí aláìsàn kojú ẹ̀rù. Kì í ṣe pé a pa àṣetúnṣe tì. À ń fi ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fún un ni. Ìwádìí ọlọ́pọ̀ ọdún ti fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì kékeré kì í dí ìtọ́jú àṣetúnṣe lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le gan-an a máa dín àǹfààní rẹ̀ kù.

Ìtọ́jú àṣetúnṣe tó múná jù lọ ni ìkojú: kí aláìsàn dojú kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ó sì kọ̀ láti ṣe ètùtù rẹ̀. Victor Meyer ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, lórí aláìsàn méjì péré. Ọ̀kan nínú wọn kò yé fọ nǹkan. Ńṣe ni wọ́n pa omi ẹ̀rọ yàrá rẹ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì dúró tì í. Láti ìgbà náà, Edna Foa àti àwọn mìíràn ti tún un ṣe. Nínú ìwádìí tí Foa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, 62 nínú 100 àwọn tó gba ìkojú ló rí ìyàtọ̀, 42 nínú 100 àwọn tó lo clomipramine, 70 nínú 100 àwọn tó gba méjèèjì pọ̀, àti 8 nínú 100 àwọn tó lo hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn nọ́ńbà yìí ṣe ìlérí fún aláìsàn tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ le gbọ́dọ̀ rántí pé irú rẹ̀ gan-an ni wọn kò gbà wọ inú ìwádìí náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ìyá ọmọ oṣù mẹ́rin kan, tí èrò ọ̀bẹ ń dà láàmú, ti kó gbogbo ọ̀bẹ kúrò nílé. Àbúrò rẹ̀ ló ń wá bá a bẹ iṣu. (Ní Èkìtì, ilé tí a kò ti lè bẹ iṣu, kí ni wọn yóò gún?) Lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dájú pé àṣetúnṣe ni, olùtọ́jú àti ìyá náà jọ to ẹ̀rù rẹ̀ bí àkàsọ̀, láti 0 dé 100. Kí ó wo ọ̀bẹ lórí tábìlì láti ẹnu ọ̀nà, 30. Kí ó di ọ̀bẹ mú nígbà tí ọmọ wà lóde lọ́dọ̀ ìyá àgbà, 50. Kí ó bẹ iṣu nígbà tí ọmọ wà lórí ẹní nínú yàrá kan náà, 80. Kí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, kí ó dá wà nílé, kí ó bẹ odidi iṣu, 95. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè.

Ọjọ́ tí wọ́n dé ìpele kẹta àkàsọ̀ náà, ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n, ó ní ẹ̀rù òun ti dé 85. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣu. Kò gbọdọ̀ máa ka àdúrà kékeré tó fi ń lé èrò náà lábẹ́ ètè, kò sì gbọdọ̀ yíjú bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mi ò ní ṣe é?” Bó bá bèèrè, olùtọ́jú kò ní sọ fún un pé kò ní ṣe é. Ohun tó máa sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn wà níbẹ̀. Ẹ máa bẹ iṣu yín lọ.” Ní ogún ìṣẹ́jú, 60. Nígbà tí iṣu wọ ìkòkò, 35. Ọmọ ti sùn lọ. Ọkàn ti kọ́ ohun tí ẹnu ẹnikẹ́ni kò lè fi kọ́ ọ: ẹ̀rù lè wá, kó sì lọ, láìṣe ètùtù. Ó máa tún un ṣe nílé lójoojúmọ́, nítorí iṣu ẹyọ kan kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ibí yìí gan-an ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti máa ń dí ọ̀nà. Ẹni tó ti rò pé òun kò wúlò kò ní ṣe iṣẹ́ ilé tí wọ́n fún un. Bí ẹ̀rù bá dé 85, kò ní dúró kí ó rí i pé ó ń lọ sílẹ̀. Á ní ẹ̀rù náà jẹ́rìí sí i pé ìyá burúkú ni òun. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ so ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì mọ́ ti ìkojú. Èyí tó rọrùn jù, tí kò sì nílò ọ̀jọ̀gbọ́n, ni pé kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kí inú rẹ̀ tó dùn, láìdúró de ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Peter Lewinsohn ní Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Olùtọ́jú àti aláìsàn á jọ kọ ètò ọ̀sẹ̀ sílẹ̀: láti dìde ní aago mẹ́fà, láti gbá àgbàlá, láti lọ kí ìyá arúgbó kan ládùúgbò, láti tẹ̀lé ará ilé lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí a sì máa bèèrè rẹ̀. Bí ẹni náà bá ti lè jáde nílé, a lè fi ìkojú kún ètò kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kí ìyá arúgbó yóò ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì lọ láìpadà. Aaron Beck, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì jáde ní 1979, fi kún un pé kí a kọ́ aláìsàn láti yẹ èrò ara rẹ̀ wò bí adájọ́ ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò. Èyí dára fún èrò ìrẹ̀wẹ̀sì. Fún èrò àṣetúnṣe, kí a lò ó níwọ̀nba, nítorí aláìsàn lè sọ àyẹ̀wò náà di ètùtù tuntun.

Ní ti oògùn, àṣìṣe kan wọ́pọ̀ débi pé ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba. Amitriptyline kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n kò ran àṣetúnṣe lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn tó ń ran méjèèjì lọ́wọ́ ni irú fluoxetine àti sertraline, àti clomipramine. Clomipramine gan-an wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní abala tó jẹ́ ti àìsàn àṣetúnṣe. Ìwọ̀n tí àṣetúnṣe nílò sábà máa ń ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì lọ: fluoxetine 20 mg lè tó fún ìrẹ̀wẹ̀sì, nígbà tí àṣetúnṣe lè nílò 60 mg, tí dókítà yóò máa fi kún díẹ̀díẹ̀. Ó tún ń pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni a fi ń retí ìyàtọ̀ nínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ti àṣetúnṣe lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹni tí kò sẹ́ni tó sọ èyí fún yóò da oògùn nù lọ́sẹ̀ kẹta, á ní oògùn òyìnbó kò bá ẹ̀jẹ̀ òun mu.

Ìṣọ́ra náà pọ̀. Clomipramine àti amitriptyline lè ba ọkàn-àyà jẹ́ bí ènìyàn bá gbé wọn mì ju iye lọ, nítorí náà a kì í kó ti oṣù mẹ́ta lé ẹni tí èrò ikú ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó máa gba ti ọ̀sẹ̀ kan kan, kí ará ilé sì máa tọ́jú rẹ̀. Kí dókítà bèèrè bóyá ìgbà kan wà tí aláìsàn kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tí agbára sì kún ara rẹ̀ gan-an, torí pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè ru irú ẹni bẹ́ẹ̀ sókè. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a dúró ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 25 dáadáa. A kì í sì í dá oògùn náà dúró lójijì.

Ará ilé ní iṣẹ́ tiwọn, ó sì le ju ti olùtọ́jú lọ, nítorí ó lòdì sí ohun tí ìfẹ́ ń sọ fún wọn. Ìyá tó ń bá ọmọ wo ilẹ̀kùn, ọkọ tó ń fi omi iyọ̀ fọ owó tí ó gbà lọ́jà nítorí pé ìyàwó kò ní fọwọ́ kan án bí kò bá fọ̀ ọ́, gbogbo wọn rò pé àánú ni. Àìsàn ni wọ́n ń bọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gé e lójijì bí ẹni gé okùn. Kí gbogbo wọn jókòó pẹ̀lú olùtọ́jú, kí wọ́n fẹnu kò lórí èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, kí aláìsàn náà sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má ṣe pe ìrẹ̀wẹ̀sì ní ọ̀lẹ. Bí aláìsàn bá sì sọ̀rọ̀ ikú, kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko kúrò ní àrọ́wọ́tó, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn láìfi dọ̀la. Nínú ilé àgbẹ̀ ní àríwá Èkìtì, kíkó ìgò yẹn kúrò lè gba ẹ̀mí là ju ìyànjú ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ohun tí agbègbè yìí ní kò kéré. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní 2014. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá. Ilé ìwòsàn alábọ́dé wà káàkiri. Ohun tó kù ni okùn tí yóò so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìrèlè tàbí Òkè-Àkọ́, ní ìhà Kogí, yóò gba Ìkọ̀lé, yóò gba Ọ̀yẹ́, yóò dé Ìfàkì kí ó tó yà sí Ìdó. Ìtọ́jú ìkojú sì ń gba ìpàdé 12 sí 20. Kò sí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti dá dùbúlẹ̀ tí yóò rin ìrìn-àjò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́jìlá, ká tiẹ̀ fi owó ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kò sì di dandan kí ó rìn ín. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n ti dá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwé atọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2010 fún ìtọ́jú ọpọlọ. Dókítà ọpọlọ Oyè Gùréjè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ló wà nídìí rẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí Gùréjè darí, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ lè tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Àléébù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí Èkìtì kọ́gbọ́n nínú rẹ̀: ìwé atọ́nà náà ní orí kan fún ìrẹ̀wẹ̀sì, kò ní fún àṣetúnṣe. Ìpínlẹ̀ tó bá kàn gbé e lò bó ṣe wà yóò tún tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé yẹn láìbéèrè nípa ilẹ̀kùn. Òfin pàápàá ti wà: Òfin Ìlera Ọpọlọ ti 2021, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, gba ipò òfin wèrè ayé amúnisìn.

Lẹ́tà yìí ń bẹ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera pé kí wọ́n rán nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Òsì, Mọbà àti Iléjeméje lọ kọ́ ìtọ́jú ìkojú àti ti ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀, kí dókítà ọpọlọ láti Ìdó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa jókòó ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ kan lóṣù. Ó ń bẹ àwọn tó ń rí sí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n sanwó fún ìpàdé ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń sanwó fún oògùn, kí fluoxetine, sertraline àti clomipramine má sì ṣe wọ́n ní ilé oògùn ìjọba, nítorí oògùn tó dáwọ́ dúró ní oṣù kejì kò sàn ju èyí tí a kò lò lọ. Ó ń bẹ yunifásítì pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tó lè lọ láìsí pé orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu ní ilé gbígbé.

Èyí tó kù kò ní owó nínú. Kí wọ́n tẹ ìbéèrè méjì sí iwájú ìwé tí gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ márààrún fi ń gba aláìsàn, ní èdè Yorùbá, kí nọ́ọ̀sì sì máa bèèrè wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní orí òun ń gbóná tàbí àyà òun ń já. Èkíní: “Ṣé inú yín ti bàjẹ́, tàbí ṣé nǹkan kò dùn mọ́ yín mọ́, láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?” Èkejì: “Ṣé èrò kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn yín, tàbí ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ máa tún ṣe, bí fífọ ọwọ́ tàbí wíwo ilẹ̀kùn, kí ara yín tó balẹ̀?” Ẹni tó bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí méjèèjì, kí wọ́n kọ méjèèjì sínú fáìlì rẹ̀.